Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Kan Kò Lè Sọ Akàndá Ẹ̀dá Di Ọlọ́sìn ní Ìbàràpá

Ó ti di àṣà ní ilẹ̀ Yorùbá báyìí. Bí ọdún bá ń parí lọ, tàbí bí ìbò bá kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn olóṣèlú àti àwọn ẹgbẹ́ aláàánú a kó àwọn akàndá ẹ̀dá jọ sínú gbọ̀ngàn. Wọn a gbé pátákó ńlá kọ́, wọn a pe àwọn oníròyìn, olùkọ́ kan a sì sọ̀rọ̀ fún wákàtí méjì lórí bí a ṣe ń sin ìgbín tàbí ehoro. Lẹ́yìn náà ni wọn a pín ìwé-ẹ̀rí àti ìrẹsì, wọn a ya fọ́tò, oníkálukú a sì gba ilé rẹ̀ lọ. Bí ènìyàn bá padà lọ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà láti wo ohun tí wọ́n ń sìn, ìwé-ẹ̀rí nìkan ni yóò bá lára ògiri. Irú ètò bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìrànlọ́wọ́. Ó tilẹ̀ burú ju kí a má kọ́ wọn rárá lọ, nítorí pé bí iṣẹ́ náà bá forí ṣánpọ́n, akàndá ẹ̀dá ni ayé yóò dá lẹ́bi pé kò lè ṣe é.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ká ilẹ̀ Ìbàràpá lára. Ìlú méjèèje, láti Igbó-Ọrà àti Èrúwà dé Lánlátẹ̀, Ìdèrè, Ayétẹ̀, Tápà àti Ìgàngán, iṣẹ́ àgbẹ̀ ni wọ́n fi ń jẹun. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ àti agbára apá ni wọ́n fi ń mọ àgbẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tí kò lè gbé ọkọ́, tí kò lè fẹsẹ̀ rìn dé oko ẹ̀gẹ́, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò kí wọ́n tó ka orúkọ. Ohun tó kù fún un ni kí ó jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, tàbí kí ọmọdé kan fà á lọ́wọ́ lọ sí ìgboro láti ṣagbe. Bí ọmọ náà bá ń fa afọ́jú kiri, ta ni yóò bá a lọ sí ilé-ìwé?

Ìbàràpá kò sì ṣe àjèjì sí àgbẹ̀ tí ara kò gbà fún. Ọ̀pọ̀ ọdún ni sobìà fi dá àwọn àgbẹ̀ Ìdèrè àti abúlé agbègbè rẹ̀ dùbúlẹ̀. Akíkanjú àgbẹ̀ a di ẹni tó ń wọ́ nílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, irè oko a sì máa ṣòfò. Ètò ìlera tí Yunifásítì Ìbàdàn gbé kalẹ̀ sí Igbó-Ọrà ní 1963 wà lára àwọn tó gbógun ti àrùn yìí. Wọ́n kọ́ àwọn ará abúlé bí a ṣe ń fi aṣọ sẹ́ omi mímu, wọ́n sì tún ń padà wá wò bóyá wọ́n ń ṣe é. Ní 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ sobìà. Kì í ṣe àpérò ọjọ́ kan ló lé sobìà lọ. Ìpadàbẹ̀wò àti sùúrù ni.

Ohun tí a lè fi irú sùúrù bẹ́ẹ̀ kọ́ akàndá ẹ̀dá kò jìnnà. Ìgbín, ehoro àti ọ̀yà kò bèèrè oko ńlá. Ẹ̀yìnkùlé tó wọn. Táyà àlòkù tí a tò léra, tí a da yẹ̀pẹ̀ tútù sí, tí a fi nẹ́ẹ̀tì bo lórí, ilé ìgbín nìyẹn. Ewé ìbẹ́pẹ àti ewé kókò ni oúnjẹ rẹ̀. Kì í pariwo, kì í jáni jẹ, afọ́jú sì lè fi ọwọ́ wá ẹyin rẹ̀ nínú yẹ̀pẹ̀. Ehoro kì í lóyún ju nǹkan bí oṣù kan lọ kó tó bímọ. Bí a bá gbé ilé rẹ̀ ga dé ìbàdí, ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ lè bọ́ ọ láìbẹ̀rẹ̀. Oyún ọ̀yà ń tó oṣù márùn-ún, ṣùgbọ́n koríko tó ń jẹ ló kún ọ̀dàn Ìbàràpá, ẹran rẹ̀ kì í sì í pẹ́ lórí àtẹ. Àwọn baba ńlá Yorùbá ń pe arọ, abuké àti àfín ní ẹni òrìṣà, nítorí ìgbàgbọ́ wọn pé Ọbàtálá ló mọ wọ́n bẹ́ẹ̀. Ìgbín sì ni oúnjẹ Ọbàtálá. Ìtìjú ni pé ẹni òrìṣà ń ṣagbe nínú ìlú tí ìgbín ti ń wọ́n.

Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi owó òjijì tan àwọn ènìyàn yìí jẹ. Ìgbín lè lo nǹkan bí ọdún kan kó tó dàgbà tó ọjà. Nígbà ọyẹ́, bí ilé rẹ̀ bá gbẹ, a dí ẹnu ìkarahun rẹ̀, a sùn, kò ní jẹun, kò ní dàgbà. Èèrà lè pa á mọ́jú. Èèpo ẹ̀gẹ́ tútù ní májèlé, ó gbọ́dọ̀ gbẹ dáadáa kó tó di oúnjẹ ẹran ọ̀sìn. Eyín ọ̀yà sì lè ṣe ọwọ́ léṣe. Olùkọ́ wo ló lè kó gbogbo èyí sínú wákàtí méjì? Ẹni tí wọ́n kọ́ ní ìgbà òjò, tí kò rí ẹnikẹ́ni ní ìgbà ọyẹ́, wọ́n kàn kọ́ ọ bí yóò ṣe pàdánù ni.

Àwọn kan yóò ní akàndá ẹ̀dá kò lè ṣe iṣẹ́ ọ̀sìn. Kí wọ́n lọ sí Ìṣẹrì-Ọlọ́fin ní Èkó, níbi tí Farmcraft Centre for the Blind ti ń kọ́ àwọn àgbàlagbà tí ojú wọn fọ́ ní iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ọ̀sìn. Kí wọ́n sì wo Songhai ní Àjàṣẹ́, ní orílẹ̀-èdè Benin, tí àlùfáà Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní 1985. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ń fi ọwọ́ ara wọn ṣiṣẹ́ lóko fún ọ̀pọ̀ oṣù. A kì í kó wọn jọ láàárọ̀ kí a tú wọn ká lálẹ́.

Àwọn mìíràn yóò ní owó ìjọba kò tíì kárí àwọn tí ara wọn le, ká tó wá kan akàndá ẹ̀dá. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ẹnìkan nínú ènìyàn mẹ́fà láyé ló ní ìpèníjà ara kan tàbí òmíràn. Ta wá ni "àwọn tó kù" tí wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ tọ́jú? Òfin tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní January 2019 ka ìyàsọ́tọ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀, ó sì ní kí ilé-iṣẹ́ ìjọba gbìyànjú kí ó kéré tán márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ wọn jẹ́ akàndá ẹ̀dá. Bí òfin bá gbà pé wọ́n yẹ fún iṣẹ́ ọ́fíìsì, kí ló dé tí wọn kò yẹ fún ẹ̀kọ́ ọ̀sìn?

Nítorí náà, kí ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́ta tó wà ní Ìbàràpá àti kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ àgbẹ̀ tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dá sílẹ̀ ní Igbó-Ọrà fi irú ìwọ̀n kan náà sínú gbogbo ètò ẹ̀kọ́ ọ̀sìn wọn. Kí ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ arọ lè gbà wà níbẹ̀, kí ẹni tó gbọ́ èdè àwọn adití sì wà níbẹ̀. Dípò ìrẹsì, kí wọ́n fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹran tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ àti ilé tí yóò kó o sí. Kí òṣìṣẹ́ kan máa bẹ̀ wọ́n wò fún ọdún kan gbáko, kí wọ́n sì ran wọ́n lọ́wọ́ láti máa tà pa pọ̀, kí alárọ̀bọ̀ má baà rẹ́ wọn jẹ. Kí akàndá ẹ̀dá fúnra wọn wà níbi tí wọ́n ti ń ṣètò owó náà. Nígbà tí ọdún bá sì pé, kí wọ́n ka ẹran tó wà láàyè, kí wọ́n má ṣe ka fọ́tò.

Ẹni tó bá tún fẹ́ gbé pátákó kọ́ ní Èrúwà tàbí Igbó-Ọrà lọ́la, kí ó kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè kan kí ó tó pe oníròyìn: bí ọyẹ́ bá dé, ta ni yóò padà wá?