Ohun Tó Ti Ara Ewéko Wá Náà Lè Jó Ojú

Àtẹ ìpara tí kò ní retinol ti ń ṣọ̀wọ́n báyìí, ì báà jẹ́ ní Trade Fair l'Ékòó tàbí ní Dùgbẹ̀ n'Íbàdàn. Ọmọ yunifásítì tí irorẹ́ ń bá fínra ń bèèrè rẹ̀, ìyá ọlọ́mọ tí ojú rẹ̀ ti ń hunjọ náà ń bèèrè rẹ̀. Retinol kì í sì í ṣe ẹ̀tàn. Ẹbí fítámì A ni. Bí a bá fi pa ojú, awọ ara á yí i padà di retinoic acid, èyí tí í mú kí awọ tètè bọ́ èèpo àtijọ́ dànù, kí ó sì ṣe kọ́lájìn tuntun, ohun tí ń gbé awọ ró tí kì í fi í rọ̀ jọ̀ọ̀. Ní 1969 ni Albert Kligman, dókítà awọ ara ní Philadelphia, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde lórí bí retinoic acid fúnra rẹ̀ ṣe ń wo irorẹ́. Títí di òní, àwọn dókítà kò tíì jáwọ́ nínú rẹ̀.

Àmọ́ ó máa ń ta. Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, ojú lè gbẹ, kí ó máa bó, kí ó máa jóni bí ẹni pé wọ́n fi ata pa á. Bó bá ṣẹlẹ̀ sí òyìnbó, ojú rẹ̀ á pọ́n, pípọ́n náà á lọ, ọ̀rọ̀ á parí. Tiwa kì í sábà parí síbẹ̀. Ibi tí awọ dúdú bá ti fara gbọgbẹ́, bó ti wù kí ó kéré mọ, ibẹ̀ ni awọ máa ń dú sí jù, àmì náà sì lè lo oṣù púpọ̀ kí ó tó ṣá. Ẹni tó torí àmì irorẹ́ ra retinol lè tipa bẹ́ẹ̀ fowó ara rẹ̀ ra àmì mìíràn kún un. Àwọn kan á ní, "Bó bá ń ta, ó ń ṣiṣẹ́ nìyẹn." Ẹ má dá wọn lóhùn. Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù pàápàá ṣòfin ní 2024 pé retinol inú ìpara ojú kò gbọdọ̀ ju ìdá 0.3 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, kí fítámì A má baà pọ̀ jù lára aráàlú. Síbẹ̀, ìgò tí wọ́n kọ ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún sí ni wọ́n ń tà fún wa lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń wá ohun tí kò le tó bẹ́ẹ̀. Èyí tí ẹnu kùn sí jù nínú wọn ni bakuchiol. Inú èso ewéko kan tí wọ́n ń pè ní babchi ní Íńdíà ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Kì í ṣe fítámì A rárá, síbẹ̀ ìwádìí kan tí ó jáde ní 2014 fi hàn pé iṣẹ́ tí ó ń rán awọ ara jọ ti retinol. Ní 2019, British Journal of Dermatology gbé ìwádìí mìíràn jáde: ènìyàn 44 ló kópa, ọ̀sẹ̀ 12 ni wọ́n fi ṣe é. Àwọn kan ń fi bakuchiol pa ojú láàárọ̀ lálẹ́, àwọn yòókù ń lo retinol lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Ìhunjọ àti àmì dúdú dín kù lójú ìsọ̀rí méjèèjì, a kò sì lè sọ pé ọ̀kan ta èkejì yọ. Àwọn tó lo retinol ni ojú wọn bó tí ó sì ta wọ́n jù. Ènìyàn 44 kò pọ̀, ẹ má jẹ́ kí olùtajà kankan fi ìwádìí yẹn búra fún yín. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ó tó ohun tí ẹni tí awọ ara rẹ̀ tètè ń bínú lè kọ́kọ́ dán wò.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti fetí sílẹ̀ dáadáa rèé. Inú èso babchi kan náà ni psoralen wà, ohun tí ń mú kí oòrùn jó awọ ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Íńdíà ti ń lo èso yìí fún ara tó ń funfun lábulẹ̀ lábulẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, oòrùn sì wà lára ìtọ́jú náà. Ilé iṣẹ́ tó mọṣẹ́ máa ń yọ psoralen kúrò kí bakuchiol tó wọ ìgò. Ẹni tó bá wá ra epo babchi gan-an, nítorí pé ó dínwó, tó fi pa ojú, tó sì dúró de mọ́tò nínú oòrùn ọ̀sán, ojú rẹ̀ lè jó. Nítorí náà, ẹ wo ara ìgò: "Bakuchiol" ni kí ẹ wá. Bó bá jẹ́ "Psoralea corylifolia seed oil" ni wọ́n kọ síbẹ̀, epo babchi náà nìyẹn, ẹ dá a padà.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ Íńdíà nìkan nìyí. Irú kẹ́míkà bẹ́ẹ̀ wà nínú òrombó wẹ́wẹ́ tí ọ̀pọ̀ ń fi ra irorẹ́. Omi òrombó lójú, oòrùn lórí: ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, ojú lè lé ròrò, kí àmì dúdú sì gba ipò rẹ̀. Ọbẹ̀ ẹja ni kí ẹ fún òrombó sí.

Òrí ń kọ́? Òrí dára púpọ̀, iṣẹ́ tirẹ̀ ló yàtọ̀. Ó ń dá omi ara dúró, ó sì ń mú kí awọ tó gbẹ tù, ṣùgbọ́n kò lè ṣe iṣẹ́ retinol, ó sì lè wúwo jù fún ojú tí irorẹ́ pọ̀ níbẹ̀. Epo pupa ní èròjà tí ara ń sọ di fítámì A, àmọ́ ẹnu ni kí ó gbà wọlé. Bí a bá fi í pa ojú, aṣọ ìrọ̀rí nìkan ni yóò mọ̀ ọ́n lára.

Aboyún, ẹ yàgò fún retinol pátápátá. Ẹbí fítámì A yìí tí wọ́n ń gbé mì, isotretinoin, lè sọ ọmọ inú di aláàbọ̀ ara, ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà kì í fi í fẹ́ kí aboyún fi èyíkéyìí nínú wọn pa ara. Ìwádìí lórí bakuchiol fún aboyún kò tíì tó nǹkan. Azelaic acid, tí ó wà nínú ọkà bálì, ni àwọn dókítà máa ń sábà fún aboyún tí irorẹ́ ń yọ lẹ́nu, ó sì ń ṣá àmì dúdú pẹ̀lú.

Ẹ wá ṣọ́ra fún àwọn tí ń po ìpara sínú báàfù, tí wọ́n ń pè é ní ọ̀gáníìkì. Ewé lásán kì í sọ ènìyàn dúdú di pupa láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Èyí tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ wádìí kẹ́míkà abóra bíi hydroquinone, mẹ́kúrì tàbí clobetasol nínú rẹ̀. Bí ìgò kò bá ní nọ́ńbà NAFDAC àti orúkọ ohun tó wà nínú rẹ̀, kí ló tún kù tí a ń wò?

Ì báà jẹ́ bakuchiol, ì báà jẹ́ retinol, ẹ kọ́kọ́ fi èyí tí ẹ bá rà pa inú apá fún ọjọ́ mélòó kan. Bí kò bá yún, tí kò ta, ẹ wá mú un lọ sójú, lálẹ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, kí ẹ má sì po ìpara tuntun mìíràn mọ́ ọn. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ 12. Bí ẹ kò bá rí àyípadà, àwọn dókítà awọ ara wà ní UCH n'Íbàdàn, wọ́n wà ní LUTH l'Ékòó. Bó bá sì jẹ́ pé owó ìgò kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́, ẹ fi bakuchiol àti retinol sílẹ̀ ná, kí ẹ ra ìpara adènà oòrùn tí wọ́n kọ SPF 30 sí, tàbí èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ.