Owó Iná Oòrùn: Gbèsè Ta Ni, Iná Ta Ni?

Ẹ̀yin ará wa ní Ìwó, ta ni ó ba ojú ọjọ́ ayé jẹ́, ta sì ni a ní kí ó sanwó rẹ̀? Èéfín tí gbogbo Áfíríkà ń rán sí òfurufú kò tó ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ti ayé. Ní Copenhagen, ní ọdún 2009, àwọn orílẹ̀-èdè olówó ṣèlérí pé, bí yóò bá fi di ọdún 2020, àwọn yóò máa kó ọgọ́rùn-ún bílíọ̀nù dọ́là jọ lọ́dọọdún fún àwọn aláìní. Ọdún 2022 ni iye náà tó pé, ẹ̀yáwó sì ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó tí ìjọba wọn mú wá. Àwa tí a ń pe ìlú wa ní ilé odídẹrẹ́ mọ ọ̀rọ̀ orí ahọ́n lásán.

Ní ìparí ọdún 2023, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí 750 mílíọ̀nù dọ́là fún Nàìjíríà, kí iná oòrùn lè dé ọ̀dọ̀ 17.5 mílíọ̀nù ènìyàn. Ẹ má ṣe pè é ní ọrẹ. Àwọn ọmọ wa ni yóò san án. Àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni ni a sì ń fi owó náà ràn lọ́wọ́ láti gbé ẹ̀rọ kalẹ̀. Ẹni tí ń wá èrè, ṣé yóò dédé yà sí abúlé tí kò ní alágbàwí?

Òfin Iná Mànàmáná ti ọdún 2023 fún ìpínlẹ̀ láṣẹ lórí iná tirẹ̀. Nítorí náà àwa kò tọrọ. Kí àwọn tí ó wà ní Òṣogbo ka orúkọ àwọn abúlé Ìwó tí ó wà nínú ètò yìí sí wa létí, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.