Ọ̀bẹ Kì í Gbẹ́ Èkù Ara Rẹ̀: Ilé Iṣẹ́ Àjùmọ̀lò Yẹ Ẹ̀yìn Ìlú

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Òwe yìí bá ipò tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ oníṣẹ́ ọwọ́ wà ní àwọn àdúgbò ẹ̀yìn ìlú Èkó mu rẹ́gí. Ní Ajégúnlẹ̀, ní Mushin, ní Mákòkó, ní Àgége àti ní Ìkòròdú, ẹni tí ó mọ iṣẹ́ kò wọ́n. Aránṣọ ń bẹ, onídìrí ń bẹ, jórinjórin ń bẹ, àwọn tí ń tún fóònù ṣe sì pọ̀ bí eèrùn. Ohun tí ó wọ́n ni èkù tí wọn yóò fi di ọ̀bẹ náà mú: iná tí kì í kú, ẹ̀rọ tí agbára ẹnì kan ṣoṣo kò ká, ẹni tí yóò kọ́ wọn ní ìṣirò èrè àti òfò, àti ẹni tí yóò yá wọn lówó láìbéèrè ìwé ilé tàbí ìwé ilẹ̀.

Ẹ wo ọmọbìnrin tí ó kọ́ iṣẹ́ aránṣọ fún ọdún mẹ́ta. Ó gbálẹ̀ ìsọ̀, ó rán bọ́tìnnì, ó pọn ọmọ ọ̀gá rẹ̀, ó fi sùúrù mọ bí a ti ń gé aṣọ láìfi ṣòfò. Nígbà tí ọjọ́ fìrídọ̀ọ̀mù kò, òbí rẹ̀ ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò, wọ́n se ìrẹsì, wọ́n háyà àga àti ìbòòrùn, wọ́n san owó ẹgbẹ́, wọ́n sì rán aṣọ tuntun. Ọ̀gá gbàdúrà fún un, ó gbé sísọ́ọ̀sì lé e lọ́wọ́, gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, kò sí owó tí wọn yóò fi ra ẹ̀rọ ìránṣọ. Ọmọ tí wọ́n ti yọ̀ǹda a padà di alágbàṣe ní ìsọ̀ ẹlòmíràn, tàbí kí ó gbé omi inú ọ̀rá kiri ojú títì. Ọdún mẹ́ta dànù bí omi ìṣanwọ́. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àìmọṣẹ́. Ọ̀rọ̀ àìní ibi ìfẹsẹ̀tẹ̀ ni.

Nǹkan tún wá le sí i láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹtiróòlù ti kásẹ̀ nílẹ̀. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, iye lítà kan kúrò ní ìsàlẹ̀ 200 náírà, ó sì ré kọjá 480 náírà ní Èkó. Oníṣẹ́ ọwọ́ tí ó gbẹ́kẹ̀ lé jẹnẹrétọ̀ kékeré wá rí i pé èrè òun ń gba inú èéfín lọ.

Ìdí rèé tí ó fi yẹ kí ẹ̀yìn ìlú ní ilé iṣẹ́ àjùmọ̀lò tirẹ̀. Ilé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ilé ìwé, kì í sì í ṣe ilé iṣẹ́ tí ọ̀gá kan ṣoṣo ni ín. Ibi tí iná, ẹ̀rọ, kọ̀ǹpútà, olùkọ́ àti ìmọ̀ràn wà lójú kan ni, tí ẹni tí ó ní ọgbọ́n orí ṣùgbọ́n tí kò ní owó lè wọlé sí, kí ó san ìwọ̀nba owó, kí ó sì ṣe iṣẹ́ rẹ̀ jáde. Irú rẹ̀ ti wà ní Yábàá. Ní 2010 ni Bọ̀sún Tìjání àti Fẹ́mi Longe dá èyí tí a mọ̀ sí Co-Creation Hub sílẹ̀, ìròyìn rẹ̀ sì tàn dé òkè òkun tó bẹ́ẹ̀ tí Mark Zuckerberg, olùdásílẹ̀ Facebook, fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn débẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 2016. Iṣẹ́ rere ni, ó sì yẹ kí a yìn ín. Ṣùgbọ́n Yábàá ní Yunifásítì Èkó ní itòsí, ó sì ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Yaba College of Technology tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1947. Omi ti ń ṣàn síbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó gbẹ́ kànga. Ibi tí òùngbẹ ti ń gbẹ ènìyàn jù lọ ni kànga kò tíì dé.

Àwọn kan yóò ní ọkọ̀ ojú irin ti ń lọ sí Yábàá báyìí. Òótọ́ ni pé ọkọ̀ ojú irin Red Line bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Agbádó dé Oyíngbò ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ó sì ń gba Àgége, Mushin àti Yábàá kọjá. Ṣùgbọ́n kò dé Ajégúnlẹ̀, kò dé Ìkòròdú, kò sì dé Mákòkó tí ó wà lórí omi. Ìyá ọlọ́mọ tí ó ń dín àkàrà láàárọ̀, tí ó sì ń ran aṣọ lọ́sàn-án, kò lè máa fi ojoojúmọ́ wọ ọkọ̀ lọ síbi tí wọn kò ti ní gba ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ wọlé. Bí òkè kò bá lè wá, ó yẹ kí ìlẹ̀kùn wá.

Bí wọ́n bá ní àṣà àjèjì ni ilé àjùmọ̀lò, ẹ jẹ́ kí wọ́n rántí àgbẹ̀dẹ. Láyé àtijọ́, owú, ọmọ owú, ẹ̀mú àti ẹwìrì kì í ṣe ohun tí gbogbo ilé ní. Àgbẹ̀dẹ ni àgbẹ̀ ń gbé ọkọ́ lọ, ibẹ̀ ni ọdẹ ń gbé ọ̀kọ̀ lọ, ibẹ̀ náà ni ọmọdé ti ń fẹ́ná tí ó sì ń fi ojú kọ́ṣẹ́, tí àgbà sì ń jókòó sọ̀rọ̀ ìlú. Bákan náà ni agbolé aláró rí fún àwọn obìnrin. Nínú oko, àáró ń bẹ: ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ yóò ro oko tẹ̀mi lónìí, wọn yóò ro ti tìrẹ lọ́la. Ohun tí ayé òde òní ń fi orúkọ ńlá pè yìí, ojú ìran Yorùbá kò ṣàì rí i rí.

Ọ̀ṣogbo sì ti fi hàn pé ohun tuntun lè ta gbòǹgbò láàárín ìlú. Ní 1962, Dúró Ládiípọ̀ àti Ulli Beier ṣí ilé kan tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ Ìgbò náà, Mbari, sọ lórúkọ. Àwọn ará Ọ̀ṣogbo gbọ́ ọ, wọ́n sì fi ẹnu ara wọn túmọ̀ rẹ̀ sí Ḿbárí-Ḿbáyọ̀: bí mo bá rí i, mà á yọ̀. Inú ilé yẹn àti àwọn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Georgina Beier ni Jimoh Buraimoh, tí ó ń tọ́jú iná fún ẹgbẹ́ òṣèré Ládiípọ̀, ti di ayàwòrán tí ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe àrà. Ibẹ̀ ni Twins Seven-Seven, oníjó tí ó ń bá olóògùn kiri, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí UNESCO fi dá a lọ́lá ní 2005. Ní 1983, Nike Okundaye dá ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà tirẹ̀ sílẹ̀ ní ìlú kan náà, ó sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Kò sí ẹni tí ó bi wọ́n léèrè ìwé ẹ̀rí kí wọ́n tó ṣí ìlẹ̀kùn fún wọn.

Síbẹ̀, ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ní 2013, Kúnlé Adéyẹmí, ayàwòrán ilé, parí ilé ìwé orí omi ní Mákòkó. Gbogbo ayé wá wò ó, wọ́n yà á ní fọ́tò. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2016, òjò líle wó o lulẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé àwòyanu kò tó. Ilé tí yóò pẹ́ gbọ́dọ̀ ní àwọn tí yóò máa tún un ṣe lójoojúmọ́. Nítorí náà, bí ìjọba tàbí ọlọ́rẹ bá fẹ́ kọ́ ilé iṣẹ́ àjùmọ̀lò, kí wọ́n má kàn gé rìbọ́ọ̀nù kí wọ́n sì máa lọ. Ọwọ́ ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́, ìyálọ́jà, baálẹ̀, olùkọ́ àti àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ni kí kọ́kọ́rọ́ wà. Kí ìwé ìṣirò owó wà lójú táyé. Kí iná oòrùn wà lórí òrùlé. Kí yàrá wà tí àwọn ìyá lè tẹ́ ọmọ sí. Kí aláàbọ̀ ara rí ọ̀nà gbà wọlé. Kí Ègùn, Ìlàjẹ, Ìgbò àti Haúsá tí ń bá Yorùbá gbé àdúgbò kan náà má di ẹni tí ń dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ní ti owó, kò yẹ kí ilé náà máa ṣagbe. Èésú ti wà kí ilé ìfowópamọ́ tó dé. Samuel Johnson ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, ọdún 14 kí òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó dé Nàìjíríà ní 1935. Bí ènìyàn 20 bá ń dá 5,000 náírà lọ́sẹ̀, ẹnì kan yóò máa kó 100,000 náírà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí yóò fi kárí. Àbùkù kan tí èésú ní ni pé ẹni tí ó ti kó tirẹ̀ lè sá lọ. Ilé tí ó ní ìwé àkọsílẹ̀, onídùúró àti adirẹ́sì lè wo àbùkù náà sàn.

Àwọn àgbà kan yóò ní ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti tó, kò sí ohun tí kọ̀ǹpútà fẹ́ fi kún un. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan yóò sì ní ayé ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti kọjá. Àwọn méjèèjì ṣì í. Ọ̀gá mọ bí a ti ń gé aṣọ. Akẹ́kọ̀ọ́ mọ bí a ti ń fi fóònù wá oníbàárà ní ìlú òkèèrè. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Abẹ́ òrùlé kan náà ni ọwọ́ méjèèjì ti lè pàdé.

Ọ̀nà kan wà tí kò ní ká dúró de ìjọba. Kí àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ ṣe òfin pé ìdajì owó tí òbí bá mú wá fún ìnáwó fìrídọ̀ọ̀mù yóò lọ sórí ẹ̀rọ ọmọ náà, tàbí sínú àpò ilé àjùmọ̀lò tí yóò ti máa ṣiṣẹ́ títí yóò fi ní tirẹ̀. Kí àdúrà ọ̀gá wà, kí sísọ́ọ̀sì wà, kí ìwé ẹ̀rí wà. Ìwọ̀nyí ni ọkàn àṣà náà. Ìrẹsì àti ìbòòrùn ni ó lè dín kù. Ọ̀gá tí ó yọ̀ǹda ọmọ láìsí irinṣẹ́ kò tíì yọ̀ǹda rẹ̀. Àwọn olórí ẹgbẹ́ tí yóò jókòó ìpàdé ní oṣù tí ń bọ̀ lè gbé e kalẹ̀ níbẹ̀, kí ọ̀bẹ tí ó ti mú tipẹ́ lè rí èkù.