Òjò Àkọ́rọ̀ Kì í Ṣe Òjò Ìgbìn

  Gbogbo wa la ń rí bí ojú ọjọ́ ṣe ń ṣe. Lọ́sàn-án, oòrùn á máa ta bí ẹni pé ẹ̀ẹ̀rùn ò tíì lọ. Tó bá di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, òjò á ṣú lápá Àkókó, ìjì á jà, àrá á sán, ọ̀gẹ̀dẹ̀ á wó, páànù ẹnì kan á ṣí lórí ilé, òjò á wá rọ̀ fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, ó tán. Lẹ́yìn ìyẹn, ọjọ́ mẹ́jọ, ọjọ́ mẹ́wàá, kò sí nǹkan kan.

Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ogún ìṣẹ́jú yẹn, ẹ ó rí àwọn èèyàn lójú ọ̀nà oko, àgbàdo nínú kóńgò, àdá lọ́wọ́. Tí ẹ bá ṣí fóònù yín, ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ rí ni: “Òjò ti dé o! Ẹ jáde lọ gbìn! Ẹni tó bá pẹ́ á pàdánù!” Ìkéde yìí ló mú mi kọ̀wé lónìí. Mo ti wo àwọn tó máa ń kọ ọ́ dáadáa. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ní ebè kan lóko. Àwọn kan nínú wọn ló ń ta irúgbìn. Tí àgbàdo yín bá kú, wọ́n á tún ta òmíràn fún yín, wọ́n á sì kí yín kú àmúmọ́ra.

Kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé mò ń bú èèyàn, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi, torí èmi náà jẹ̀bi rí. Iṣẹ́ ṣì tuntun lọ́wọ́ mi nígbà yẹn. Mo ní ìwé ẹ̀rí políì, mo ní ọ̀kadà, ẹnu mi sì mú. Òjò rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀ kan ní ìparí oṣù kẹta, ni mo bá sọ fún àwọn ìyá kan tó jọ ń dá oko pọ̀ pé kí wọ́n gbìn. Wọ́n bi mí pé, “Ọ̀gá, ṣé ó dá yín lójú?” Mo ní ó dá mi lójú. Àgbàdo hù, ó dára lójú, ewé rẹ̀ tó mẹ́ta. Ọjọ́ 19 lẹ́yìn náà, omi ò kán sílẹ̀. Ìyá tó dàgbà jù nínú wọn kò bú mi. Ó kàn wá sọ́dọ̀ mi, ó tú ìdí ìró rẹ̀, ó mú àgbàdo gbígbẹ kan jáde, ó ní, “Ọmọ mi, wò ó.” Owó tí wọ́n yá nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ni wọ́n fi sanwó tírátọ̀. Àgbàdo tó yẹ kí wọ́n jẹ nílé ni wọ́n gbìn nígbà kejì. Ọdún yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọn òjò fúnra mi, mi ò tún sọ fún ẹnikẹ́ni mọ́ pé ó dá mi lójú lórí ohun tí mi ò wọ̀n.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú sánmà, torí kì í ṣe pé òjò ń bínú sí wa, kì í sì í ṣe pé ẹnì kan so ó mọ́lẹ̀ nítorí òde aríyá. Atẹ́gùn méjì ló ń jà lórí wa. Ọ̀kan gbẹ, láti aṣálẹ̀ Sàhárà ló ti ń bọ̀, òun ló ń gbé ọyẹ́ wá. Ìkejì tutù, láti orí òkun ni. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, èyí tó gbẹ ló lágbára, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lé èkejì dé etí òkun. Bí oòrùn bá ṣe ń lọ sí àríwá, atẹ́gùn òkun á máa tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n kì í wọlé lẹ́ẹ̀kan náà kó jókòó. Ó ń wọlé, ó ń padà sẹ́yìn, ó tún ń wọlé. Ní oṣù kẹta àti oṣù kẹrin, ojú ààlà àwọn méjèèjì gan-an la wà. Òjò tó bá rọ̀ nígbà yẹn, òjò ìjì ni. Ó ń gba ibi tóóró kan kọjá ni. Ìdí nìyẹn tí omi fi máa ń dúró lóko àna yín, tí eruku sì ń fò lóko yín ní òdìkejì odò kékeré kan ṣoṣo.

Àwọn òkè náà tún ń tàn wá. Tí atẹ́gùn tútù bá kọlu òkè Àkókó àti òkè Ìdóàní, ó gbọ́dọ̀ gun òkè. Bó ṣe ń gòkè ló ń tutù sí i, omi inú rẹ̀ á sì di òjò. Àwa tí a wà ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ á rí i tó ṣú, a ó gbọ́ àrá, a ó ní tiwa ti dé. Òjò ẹlòmíràn là ń wò. Àwọn àgbà ti kìlọ̀ pé kí a má tìtorí òjò tó ṣú da omi inú agbada nù. Àwa ò tiẹ̀ da omi nù, irúgbìn là ń dà nù.

Ọ̀rọ̀ wá kan àwa òṣìṣẹ́ náà. Ọdọọdún ni NiMet, àjọ tó ń rí sí ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, máa ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ òjò ọdún jáde: ìgbà tí yóò bẹ̀rẹ̀, ìgbà tí yóò dáwọ́ dúró díẹ̀ láàárín, ìgbà tí yóò parí. Ó wúlò, mo sì máa ń kà á. Wàhálà wà nínú ohun tí àwa tó yẹ kó gbé e dé oko ń sọ ọ́ dà. A ó mú ọjọ́ kan ṣoṣo, a ó ní: “Ìpínlẹ̀ Òndó, ọjọ́ báyìí.” Ìpínlẹ̀ Òndó wo? Ṣé ti Ìlàjẹ tó wà létí òkun, tí ilẹ̀ rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ gbẹ, ni àbí ti Àkókó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ ilẹ̀ Kogí, tí koríko ti ń rọ́pò igbó? Láti etí òkun ni òjò ti ń gòkè bọ̀. Ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan lè wà láàárín àwọn méjèèjì. Ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ̀ nìkan, ẹni tó wà ní Ifọ́n àti ẹni tó wà ní Ìdóàní kò gbọdọ̀ máa wo kàlẹ́ńdà kan náà. Òṣìṣẹ́ tó bá jókòó sí ọ́fíìsì, tó ń fi ọjọ́ kan ránṣẹ́ sí gbogbo àgbẹ̀ láìwo ilẹ̀, kò ṣiṣẹ́. Mo mọ̀ pé àwọn ẹgbẹ́ mi kan á bínú sí èyí. Kí wọ́n bínú.

Àwọn kan á ní, “Àwọn baba wa kò wọn òjò, wọ́n sì jẹun yó.” Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe gan-an. Wọn kì í gbin gbogbo oko lọ́jọ́ kan. Wọ́n á kọ́kọ́ gbin àkùrọ̀, wọ́n á gbin díẹ̀ lókè, wọ́n á dúró wò ó. Wọ́n á fi àgbàdo sáàárín iṣu, kí ẹ̀gúsí wà níbẹ̀, kí ẹ̀gẹ́ wà níbẹ̀. Tí ọ̀kan bá kú, èkejì á yè. Àgbàdo irúgbìn sì wà lórí àjà ní ilé ìdáná tí èéfín ń yí i, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ̀yin ńkọ́? Inú àpò ni ẹ ti ra tiyín. Ẹ sanwó tírátọ̀, ẹ sanwó oògùn koríko, ẹ sanwó àwọn tó bá yín gbìn, ẹ sì gbin gbogbo rẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì. Baba wa tó bá ṣe àṣìṣe pàdánù hóró àgbàdo díẹ̀. Àwa tí a bá ṣe é báyìí, owó àjọ la pàdánù. Ẹ má fi orúkọ baba wa gbèjà ohun tí wọn ò ṣe.

Ìbéèrè kan ló le fún mi jù, mi ò ní sá fún un: owó àgbàdo tútù àkọ́kọ́. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé àgbàdo dé Ọjà Ọba ló ń tà á wọ́n. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, gbogbo òpópónà ló ti kún fún àgbàdo sísun. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: àwọn wo ló ń jẹ owó yẹn lọ́dọọdún? Àwọn tó ní àkùrọ̀ ni, tàbí ẹ̀rọ tó ń fa omi. Ẹni tí oko rẹ̀ wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ tó ń bá wọn sáré, tẹ́tẹ́ ló ń ta. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ máa ń fún àgbẹ̀ lówó sílẹ̀ kí àgbàdo tó hù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi “tètè gbìn ín” ṣe àdéhùn. Tí àgbàdo bá kú, owó yín náà kú síbẹ̀, ìjà á sì dé. Mo ti bá àwọn èèyàn parí irú ìjà bẹ́ẹ̀, kò dùn láti parí.

Kí wá la ó ṣe? Ẹ wá agolo tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tọ́, tí ẹnu rẹ̀ àti ìdí rẹ̀ fẹ̀ bákan náà. Ẹ gbé e sí gbangba lóko, kì í ṣe lábẹ́ igi, kì í ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Lẹ́yìn òjò kọ̀ọ̀kan, kí omi tó fà, ẹ ki rúlà ọmọ iléèwé bọ̀ ọ́, ẹ kọ mílímítà tó wà níbẹ̀ sílẹ̀, ẹ da omi náà nù. Tí àpapọ̀ rẹ̀ bá ti tó 20 sí 25 láàárín ọjọ́ bíi márùn-ún, tí òjò sì ń padà wá kí ọjọ́ mẹ́wàá tó pé, ẹ lè máa múra. Ẹni tó bá ń rò pé òun á fi kẹ́ẹ̀gì bomi rin ín tí òjò bá kọ̀, kó gbọ́ ìṣirò yìí: mílímítà 20 lórí éékà kan jẹ́ nǹkan bíi 80,000 lítà. Kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 bíi 3,200 nìyẹn. Ta ni yóò rù ú?

Lẹ́yìn agolo, ẹ gbẹ́ ilẹ̀ wò. Òkè ilẹ̀ á tutù, ẹ ó gbẹ́ ìka mẹ́rin, ẹ ó bá eruku. Ilẹ̀ yẹn ò tíì ṣe tán. Hóró àgbàdo á mu omi díẹ̀ tó wà lókè, á hù, á jẹ oúnjẹ inú ara rẹ̀ tán, gbòǹgbò á wá ṣàwárí omi nísàlẹ̀, kò ní rí i. Ó tiẹ̀ sàn kí hóró má hù rárá ju pé kó hù tán kó kú.

Àgbẹ̀ tí kò bá lè fara dà á, kó gbin ìdá kan nínú mẹ́rin, kó fi ìyókù sílẹ̀. Irúgbìn tó ń tètè gbó wà, tó ń lò tó ọjọ́ 90 sí 95. IITA ní Ìbàdàn àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ti ṣe àgbàdo tó ń fara da ọ̀dá òjò jáde. Ẹ béèrè orúkọ irúgbìn kí ẹ tó sanwó, ẹ má kàn ra “àgbàdo dáadáa”. Ẹ má sì da yùríà sórí ilẹ̀ gbígbẹ tí oòrùn ń ta lé. Púpọ̀ nínú rẹ̀ á bá afẹ́fẹ́ lọ, owó yín náà á bá a lọ. Tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá mú àgbàdo tó ṣì kéré, ẹ máa tú ọ̀mùnú rẹ̀ wò láràárọ̀. Kòkòrò tó ń jẹ àgbàdo láti inú ọ̀mùnú, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní Nàìjíríà ní 2016, fẹ́ràn irú àkókò bẹ́ẹ̀, torí kò sí òjò ńlá tí yóò fọ àwọn ọmọ rẹ̀ dànù.

Mi ò sọ pé kí ẹ sùn títí oṣù keje o. Àgbàdo tó bá pẹ́ jù, kòkòrò tó ń gbẹ́ igi rẹ̀ á pọ̀ sí i, ó sì lè jẹ́ pé ìdádúró òjò oṣù kẹjọ ni yóò bá a nígbà tó ń yọ irùkẹ̀rẹ̀, ìgbà tí kò gbọdọ̀ ṣaláìní omi. Ẹ̀yin oníṣu, tiyín yàtọ̀: èbù ti wà nínú ebè, iṣẹ́ yín ni kí koríko gbígbẹ bo orí ebè dáadáa kí oòrùn má sè é.

Àmọ́ ẹ̀yin olókòó tuntun, ọ̀rọ̀ yín ń dùn mí. Ní 2024, owó kòkó kọjá 10,000 dọ́là fún tọ́ọ̀nù kan lọ́jà àgbáyé, gbogbo èèyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í ra ọmọ kòkó. Wọ́n á gbé e jáde kúrò lábẹ́ ibòji, wọ́n á lọ gbìn ín sí gbangba lẹ́yìn òjò méjì ní oṣù kẹrin. Ẹ gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sílẹ̀ ná kó ní ibòji. Ẹ jẹ́ kí kòkó dúró nínú ọ̀rá títí òjò á fi fìdí múlẹ̀ ní oṣù kẹfà. Owó ọjà lè lọ sókè tàbí kó wá sílẹ̀, ọmọ kòkó tó bá ti gbẹ ò ní owó kankan.

Agolo tèmi ní Isuada láàárọ̀ yìí: mílímítà 7. Ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá: òdo. Mo gbẹ́ ilẹ̀ wò, kò tutù tó ìka mẹ́ta. Mi ò tíì gbìn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ifọ́n àti Ìdóàní, ẹ wọn tiyín, kẹ́ ẹ sọ fún wa.