Ẹ Gbé Kámẹ́rà Lé E Lọ́wọ́

Ẹ̀yin ará wa, ẹ ní wèrè tó bá ti wọ ọjà kò ṣeé wò mọ́. Síbẹ̀, bó bá ti wọ ọjà, gbogbo yín lẹ ń wò ó. Fóònù á yọ lápò, fídíò á bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rín á sọ. Kò ṣeé wò, àmọ́ ó ṣeé wòran!

Irọ́ tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí ni pé ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ń ṣàárẹ̀ kò lójú tó fi ń wo ayé mọ́. Kí a ṣáà máa wò ó ni.

Ẹ wo bí kámẹ́rà ṣe já irọ́ náà. Ní Surrey, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Dókítà Hugh Welch Diamond máa ń fi kámẹ́rà ya àwòrán àwọn obìnrin alárùn ọpọlọ tó ń tọ́jú. Ó gbà pé ojú aláìsàn ni yóò fi irú àrùn tó ń ṣe é hàn. Àṣìṣe nìyẹn. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1856, ó ròyìn ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń pe ara rẹ̀ ní ọbabìnrin. Ọmọbìnrin náà rí àwòrán ara rẹ̀, ó sì ń sọ̀rọ̀ nípa àwòrán náà ṣáá. Diamond ní ibẹ̀ ni ara ọmọbìnrin náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í yá. Ẹni tí wọ́n ń wò ti di ẹni tó ń wò.

Tsoku Maela, ayàwòrán ọmọ Gúúsù Áfíríkà, kò dúró de ẹni tí yóò yà á. Nígbà tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn bá a fínra, ó kọjú kámẹ́rà sí ara rẹ̀, ó pe àwọn àwòrán náà ní Abstract Peaces. Ìrora tí ẹnu kò rí sọ, ojú sọ ọ́. Ẹ̀yin náà lẹ ṣáà ń wí pé ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó sì ń wá ibi tí oòrùn ti tàn sára ògiri kó lè yà á ti kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì ná.

Ẹ ó ní, “Ṣé fọ́tò wá di oògùn ni?” Rárá o. Ẹ gbé aláìsàn lọ sílé ìwòsàn. Àmọ́ ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Aro, l'Abẹ́òkúta, láti ọdún 1954, Dókítà Lambo, oníṣègùn ọpọlọ, mọ̀ pé oògùn nìkan kò tó: ó ní kí àwọn aláìsàn máa gbé pẹ̀lú ẹbí wọn ní abúlé tó wà nítòsí, láàárín ènìyàn, kí ọwọ́ wọn má dilẹ̀.

Nítorí náà, ẹ dá fóònù padà sápò lọ́jà. Aláìsàn tí ẹ tì mọ́ yàrá nílé ńkọ́? Ẹ ṣílẹ̀kùn. Bó bá ti ibi ìtọ́jú dé, ẹ fún un ní fóònù, ẹ bi í pé, “Kí lo rí lónìí?” Kó yà á. Kí ẹ̀yin náà wá wò ó.