Kí lọ́yà ọ̀fẹ́ tó dé Agodi, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ ní àgọ́ ọlọ́pàá

Bí ìjà bá bẹ́ sílẹ̀ ní Bẹyẹrúnkà tàbí Ọjà'ba, tí ọlọ́pàá sì kó àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n bá lójú pópó, ẹni tí àwọn ènìyàn rẹ̀ rí lọ́yà gbà kì í pẹ́ padà sílé. Ọmọ tálákà ni yóò kù. Láti kóòtù Májísíréètì Ìyágankú, ọgbà Agodi ló kàn, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò tíì dá a lẹ́jọ́. Nínú ẹni 3 tó wà lọ́gbà ẹ̀wọ̀n ní Nàìjíríà lónìí, ó tó 2 tó jẹ́ pé ìgbẹ́jọ́ ni wọ́n ṣì ń retí.

Àwọn kan máa ń dá adájọ́ lẹ́bi. Ní tiwa, inú àgọ́ ọlọ́pàá, lálẹ́ àkọ́kọ́, ni ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999, abala 35, sọ pé ẹni tí wọn kò bá gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ láàrin oṣù 2 sí ọjọ́ tí wọ́n mú un gbọdọ̀ kúrò ní àhámọ́, ì báà tilẹ̀ jẹ́ pẹ̀lú oníduúró. Ṣùgbọ́n abala yìí kan náà yọ ẹ̀sùn tó lè yọrí sí ikú sílẹ̀. Ìdigunjalè wà nínú irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀. Bí ọlọ́pàá bá ti kọ ìdigunjalè dípò ìjà ìgboro, ilẹ̀kùn oṣù 2 ti tì nìyẹn. Májísíréètì kò sì lágbára láti gbọ́ ẹjọ́ náà. Yóò ní kí wọ́n fi afurasí pamọ́ títí ìmọ̀ràn yóò fi dé láti ilé-iṣẹ́ ètò ìdájọ́. Fáìlì yóò wá máa rìn bí ìgbín.

Kí ló gbé ẹ̀sùn náà ró? Sítétímẹ́ǹtì ni. Ọlọ́pàá ló sábà máa ń bá ẹni tí kò kàwé kọ ọ́, lédè Gẹ̀ẹ́sì, tí onítọ̀hún yóò sì tẹ ìka sí ohun tí kò yé e. Bẹ́ẹ̀ òfin fún un láṣẹ láti dákẹ́ títí yóò fi rí lọ́yà. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2015 tilẹ̀ dárúkọ òṣìṣẹ́ Legal Aid Council mọ́ àwọn tó lè jókòó tì í bó bá ń sọ tẹnu rẹ̀.

Láti 1976 ni àjọ náà ti wà. Òfin rẹ̀ ti 2011 ní ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò bá ju owó oṣù tó kéré jù lọ, tí wọ́n gbé sí 70,000 náírà ní 2024, ni yóò jẹ àǹfààní rẹ̀. (Ta ni yóò fún ọmọ bíríkìlà ní Bẹẹrẹ ní ìwé ẹ̀rí owó oṣù?) Ìṣòro ńlá ni pé ọgbà ẹ̀wọ̀n ni lọ́yà wọn ti sábà máa ń kọ́kọ́ bá afurasí pàdé, nígbà tí ìka ti tẹ ìwé.

Kì í ṣe pé ọ̀nà mìíràn kò sí. Láàrin ọdún 2000 sí 2010, wọ́n dán an wò ní Oǹdó, Ímò, Kàdúná àti Sókótó pé kí lọ́yà ọ̀fẹ́ máa lọ bá àwọn tí wọ́n mú ní àgọ́ ọlọ́pàá gan-an. Ní 2017, iléeṣẹ́ ọlọ́pàá fúnra rẹ̀ pàṣẹ pé kí wọ́n máa gbà wọ́n láàyè. Àwọn àgọ́ tó yí òkè Mápó ká kò jìnnà síra wọn. Lọ́yà 2 tàbí 3 tí ń gbapò lọ́wọ́ ara wọn lóru lè kárí wọn. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ san owó wọn, kí wọ́n sì kọ nọ́ńbà fóònù wọn gàdàgbà sára ògiri káńtà, níbi tí ìyá afurasí yóò ti rí i.