"Èmi Náà Lò Ó, Kò Ṣe Mí Ní Nǹkan Kan"

Ọ̀rọ̀ kan ti mọ́ àwọn èèyàn wa lẹ́nu jù. Láti Likosi títí dé Ṣàgámù, bí aboyún bá ti ní orí ń fọ́ òun, ọ̀rẹ́ rẹ̀ á ní: "Lọ ra oògùn báyìí-báyìí ní kẹ́míìsì. Èmi náà lò ó nígbà tí mo lóyún Báyọ̀, kò ṣe mí ní nǹkan kan." Olóògùn á gbowó, kò ní bèèrè pé, "Àǹtí, ṣé oyún kò sí níbẹ̀?" Mo ní ọ̀rọ̀ yẹn léwu, ó sì tó gẹ́ẹ́.

Ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀. Púpọ̀ nínú oògùn tí ìyá bá gbé mì ló ń gba inú olóbi kọjá sára ọmọ. Ọmọ náà ní ẹ̀dọ̀ tirẹ̀, ó sì ń gbìyànjú láti fi tú oògùn náà ká, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kò tó ti àgbàlagbà. Nígbà mìíràn, ohun tó ń jáde nígbà tí oògùn bá túká a máa le ju oògùn gan-an lọ. Ọmọ tí ara rẹ̀ bá lè tètè pa oró yẹn, ó bọ́. Èyí tí kò bá lè pa á ńkọ́?

Ẹ wo phenytoin, oògùn wárápá tó ti pẹ́. Ọ̀pọ̀ ìyá tó ń lò ó ló ń bí ọmọ tó pé. Àwọn mìíràn ń bí ọmọ tí ojú àti èékánná rẹ̀ ní àbùkù. Ní 1982, àwọn dókítà kọ nípa ìbejì kan tí bàbá wọn yàtọ̀ (ẹ má rẹ́rìn-ín, ó máa ń ṣẹlẹ̀). Inú kan náà, oògùn kan náà, síbẹ̀ ọ̀kan ní àbùkù, èkejì kò ní. Ní 1990, wọ́n yẹ omi inú oyún 19 wò ní Amẹ́ríkà, wọ́n wá èròjà tí ara ọmọ fi ń pa oró phenytoin. Ó kéré jọjọ lára ọmọ mẹ́rin. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ní àmì àbùkù nígbà tí wọ́n bí wọn. Àwọn 15 yòókù kò ní in.

Ìka ò dọ́gba! Bí Báyọ̀ bá yè é, kò fi hàn pé àbúrò rẹ̀ á yè é, áńbọ̀sì ọmọ ọlọ́mọ. Bí nǹkan bá sì bàjẹ́ tán, ẹ̀yin kan náà lẹ máa ní ìyá ọkọ ló ṣe é.

Ẹnìkan á ní, "Ṣé kí aboyún má lo oògùn mọ́ ni?" Èmi kò sọ bẹ́ẹ̀ o. Alárùn wárápá tó bá dá oògùn rẹ̀ dúró fúnra rẹ̀ lè ṣubú lulẹ̀, kó fi ẹ̀mí méjì wewu. Dókítà ni kó bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀, kó tiẹ̀ tó lóyún. Ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ kò jìnnà, Ṣàgámù níbí ló wà. Àgbo pàápàá, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì bí ẹ bá ń mu ún.

Ẹ̀yin olóògùn, ìbéèrè kan péré la ní kí ẹ bèèrè kí ẹ tó gbowó. Kò ná yín ní kọ́bọ̀.